Igi Tí Ó Ti Mọ Ìyà

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí orí mi kò tíì ga ju ebè iṣu lọ dáadáa, ọ̀dọ̀ ìyá ìyá mi ni mo ń gbé ní Ìyìn-Èkìtì. Ìyá tí ó bí mi ń ṣòwò ní ìlú òkèèrè. Àsìkò Kérésìmesì ni a máa ń rí i, ọdún mìíràn a kì í rí i rárá. Ilé wa dákẹ́ ju bí ó ti yẹ kí ilé tí ọmọdé wà dákẹ́ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà rí, ẹ ó mọ irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí mò ń sọ.

Oko ìyá àgbà yìí, tí mo ń pè ní màmá, wà ní ẹsẹ̀ òkè, lórí ilẹ̀ olókúta tí ọkọ́ ń dún gbàgà lórí rẹ̀. Iṣu ni ó ń gbìn jù. Bí iṣu bá ti yọ, a ó gé ẹ̀ka akòko, a ó rì í mọ́ ẹ̀gbẹ́ ebè kí ìtàkùn lè rí ibi gùn. Ẹ mọ akòko, igi tí wọ́n ń fi ewé rẹ̀ lé ẹni tí ó bá joyè lórí. Nígbà tí a bá wa iṣu tán, àwọn ará oko yòókù a máa fa ọ̀pá wọn tu, wọn a dì í ní igi ìdáná. Màmá ní tirẹ̀ a kọ́kọ́ rìn láti ebè dé ebè, a máa wá ọ̀pá tí ó ti hù. Mo rò pé ti ìsàlẹ̀ lẹ́bàá odò ni yóò yàn, nítorí ewé rẹ̀ pọ̀, ó sì ń dán. Kò tilẹ̀ wò ó. Èyí tí ó hù láàárín òkúta, tí gbogbo ewé rẹ̀ kò kún ọwọ́ mi, ni ó fà tu.

"Mú yìí, ká mú u re ulé," ni ó wí. "Ó ti mọ uyà."

Iwájú ilé ni ó rì í mọ́, létí ọ̀nà, níbi tí ewúrẹ́ ti ń jẹ ohun gbogbo tí ó bá hù. Mo bi í pé kí ló dé tí kò gbìn ín sí ẹ̀yìnkùlé tí ilẹ̀ ti rọ̀. Ó ní iwájú ni ìyá mi yóò gbà wọlé, yóò sì ti rẹ̀ ẹ́, yóò fẹ́ jókòó. Ibẹ̀ ni àwa méjèèjì ń jókòó sí nírọ̀lẹ́, tí a ń wo ọ̀nà Adó. Ìyá mi dé lóòótọ́ lọ́dún kan, ó jókòó níbẹ̀, ó ní ibòòji rẹ̀ dára. Kò pẹ́ tí ó tún fi lọ. Mo sunkún títí, ṣùgbọ́n igi náà ń dàgbà ní tirẹ̀.

Èmi náà ti darúgbó báyìí, àdúgbò Adébáyọ̀ ní Adó-Èkìtì ni ilé mi wà. Igi mángòrò ńlá kan wà níwájú ilé náà tẹ́lẹ̀. Ọlọ́kadà tí oòrùn bá pa, olùkọ́ tí ó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, gbogbo wọn a dúró lábẹ́ rẹ̀, ìyàwó mi a sì bu omi fún wọn. Nígbà tí wọ́n fẹ títì, wọ́n gé e. Kò pẹ́ sí i, ìyàwó mi náà kú. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó bá ń kọjá ń kọjá lọ ni. Ọjọ́ mìíràn wà tí ó jẹ́ pé ohùn rédíò nìkan ni mò ń gbọ́ nínú ilé mi. Ó ń dùn mí, n kò ní purọ́.

Ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa ní kí a gbin igi mìíràn. Ilẹ̀ tí ó kù náà, ẹ wá wò ó: gọ́tà lọ́tùn-ún, títì ọlọ́dà lósì, wáyà iná lókè, àfọ́kù bíríkì nísàlẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ ra àwọn igi gíga tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gbìn síwájú báńkì, àwọn tí wọ́n tọ́ nínú ọ̀rá, tí wọ́n ń bu omi fún láràárọ̀ bí ọmọ ọlọ́lá. Ọyẹ́ kan ṣoṣo ni ó pa wọ́n. Wọ́n tún gbin mẹ́línà nítorí pé ó ń yára ga. Ó ga lóòótọ́, ìjì sì dá a lé wáyà lórí, gbogbo wa wà nínú òkùnkùn.

Nígbà tí a tún ṣe ìpàdé, mo dìde, mo ní kí a gbin akòko. Ó ń dúró ṣánṣán, kì í yára ga dé wáyà bí mẹ́línà, ewúrẹ́ kì í sì í fẹ́ràn rẹ̀. Alága wa pariwo.

"Háà, Bàbá! Akòko kẹ̀? Igi òrìṣà! Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ alàgbà ìjọ!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún wọn pé màmá mi kì í pa ìsìn jẹ, akòko rẹ̀ kò sì dí i lọ́wọ́ láti ríran wo Ọlọ́run. Wọ́n ní kí kálukú gbin ohun tí ó wù ú síwájú ilé rẹ̀.

Bí òjò ti bẹ̀rẹ̀, mo dá nìkan wọkọ̀ lọ sí Ìyìn. Ilé màmá ti wó. Igi náà wà níbẹ̀, koríko ti bo ibi tí a ń jókòó sí. Mo gé ẹ̀ka kan, mo gbé e sórí itan mi nínú ọkọ̀ títí dé Adó. Mo rì í síwájú ilé. Nígbà tí ọyẹ́ dé, gbogbo ewé rẹ̀ re. Àràárọ̀ ni mò ń fi èékánná ha èèpo rẹ̀ wò bóyá ó ṣì tutù nínú. Ẹ̀rù ń bà mí, nítorí bí ó bá kú, n kò ní agbára àtilọ gé òmíràn mọ́.

Òjò rọ̀, igi náà sì rúwé. Ní ọjọ́ kejì mo gbé bẹ́ǹṣì ìyàwó mi síta, mo jókòó tì í. Ọmọbìnrin kan tí ó ń tún fóònù ṣe ní òdìkejì títì, ará Ìbàdàn ni, sọdá wá bá mi.

"Ẹ kú ìjókòó, Bàbá. Kí lẹ ń ṣe nínú oòrùn yìí?"

"Abẹ́ igi ni mo jókòó sí," ni mo dá a lóhùn.

Ó wo igi tí kò tíì tó àyà mi, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Ó wá jókòó tì mí, ó bi mí ní orúkọ igi náà, mo sì ń ròyìn màmá fún un.

Ẹ̀yin ọmọ mi, nígbà tiwa, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́ pàápàá yóò jókòó síwájú ilé rẹ, yóò bèèrè omi. Lónìí, ògiri ti ga, gbogbo ènìyàn sì ń kánjú. Mo mọ̀ pé akòko kì í fẹ̀, n kò sì retí èrò lábẹ́ rẹ̀ mọ́. Ibòòji ẹni méjì tó mi.

Oníbàárà pe ọmọbìnrin náà, ó sáré sọdá padà. Mo sún dé etí bẹ́ǹṣì kí àyè lè wà, mo sì kọjú sí ọ̀nà.