Mo Wá Omi Nínú Ìràwọ̀ Márùn-ún

Lẹ́yìn tí mo parí yunifásítì, iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé lé mi lọ́wọ́ nílé wa ní Kambolé ni kí n wá ibi tí ìyá bàbá mi máa sùn sí nílùú Sokodé, ní Togo. Wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un níbẹ̀, kí wọ́n yọ awọ funfun tó bo ẹyinjú rẹ̀. Ó gbà, àmọ́ ó fi ọ̀rọ̀ kan kún un.

"Bí mi ò bá rí omi ṣe àlùwàlá kí ilẹ̀ tó mọ́, Kambolé ni mò ń padà sí o. Kí dókítà máa fi ọ̀bẹ rẹ̀ gé iṣu."

A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n a mọ̀ pé ó máa ṣe é.

Mo ṣí fóònù láti wo iye ìràwọ̀ tí àwọn àlejò fún àwọn ilé ìtura Sokodé. Ilé ìtura kan gba ìràwọ̀ márùn-ún lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Mo ka ohun tí wọ́n kọ: bíà tutù, orin dùn, adìẹ yíyan dára. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó sọ pé òun sùn níbẹ̀.

Mo bi àbúrò bàbá mi obìnrin, tó ń ta àgbàdo ní Tchamba, nípa ibòmíràn tó ti sùn rí.

"Ó dáa. Ó dáa gan-an."

"Ṣé omi wà?"

"Wọ́n kí wa tayọ̀tayọ̀."

"Àǹtí, omi ni mo bi yín."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọmọ yìí! Ẹni tó gbà ọ́ sílé, ṣé wàá máa tú àṣírí rẹ̀ kiri ni? Kànga la ti fa omi, títí ẹ̀yìn fi ń ro mí."

Bí a ṣe tọ́ wa nìyẹn: àlejò kì í bú ilé tó sùn. Ojú tì mí díẹ̀, torí èmi náà ti fún ilé kan ní ìràwọ̀ márùn-ún nígbà tí mo lọ ṣe ìdánwò. Omi kò yọ níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, àmọ́ onílé gbé iṣu sísè fún mi. Bóyá ẹnìkan ti tìtorí mi gbé ìyá rẹ̀ lọ síbẹ̀.

Ni mo bá pa ìràwọ̀ tì, mo ń wá ohun tí ẹni tó kọ ọ́ fojú rí. Àlejò kan tó fún ilé kan ní ìràwọ̀ méjì fi Faransé ṣàròyé: mọ́sáláṣí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọn kì í ta ọtí, ariwo omi àwọn tó ń ṣe àlùwàlá sì jí i láàárọ̀ kùtù. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò sókè!

Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí kan kò tó. Mo gun alùpùpù lọ síbẹ̀. Mo ṣí ẹ̀rọ omi, mo tì í, mo tún ṣí i, mo tún tì í, mo sì ṣí i lẹ́ẹ̀kẹta.

"Bùrọ̀dá," ni obìnrin tó ń tọ́jú ilé náà wí, "ẹ̀ẹ̀mẹta rèé. Ṣé omi lẹ fẹ́ fẹ́ ni, àbí yàrá lẹ fẹ́ gbà?"

Mo gba yàrá náà. Láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, ìyá àgbà ṣe àlùwàlá níbẹ̀, ó kírun, ó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ bá dókítà.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tú aṣọ ojú rẹ̀, a sì padà sí yàrá. Ó wò yíká.

"Áà! Ọ̀dà ti ṣí lára ògiri yìí, aláǹtakùn sì ti kọ́lé sókè níbẹ̀ yẹn. Ibí lo gbé mi wá?"

Obìnrin tó ń tọ́jú ilé náà gbá ìgbálẹ̀ mú, ó ń tọrọ àforíjì. Èmi ń rẹ́rìn-ín tí mi ò lè dá a dúró. Mo wo òkè tó nàka sí. Aláǹtakùn náà kéré débi pé èmi alára pẹ́ kí n tó rí i.