Olùkọ́ Tí Kò Sọ̀rọ̀

Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, ilé-iṣẹ́ tí mo ń bá ṣiṣẹ́ rán mi lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ nípa ìhùwàsí àwọn ènìyàn nígbà tí wọ́n bá pé jọ bí ẹgbẹ́. Ẹ̀kọ́ náà ń tàn kálẹ̀ ní Yúróòpù nígbà náà, nítorí pé àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń wá ẹni tí yóò sọ fún wọn ìdí tí àwọn òṣìṣẹ́ wọn kò fi gbọ́ ara wọn yé.

Wọ́n to àga yípo. Olùkọ́ wa, bàbá onírun funfun kan, jókòó, ó tẹjú mọ́lẹ̀, kò sọ ohunkóhun. A retí títí. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, bí àgbà bá jókòó láàrin àwọn ọmọdé tí kò bá wọn sọ̀rọ̀, inú ń bí i nìyẹn. Mo dìde, mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀: "Ẹ jọ̀wọ́, sà, bí a bá ti ṣẹ̀ yín, ẹ foríjì wá."

Akẹ́kọ̀ọ́ kan bú sẹ́rìn-ín. Òmíràn fi ìbínú béèrè ẹni tí ó rán mi pé kí n bá òun bẹ̀bẹ̀. Kíá ni àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Nígbà náà ni bàbá náà gbójú sókè: "Iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀."

Ó dákẹ́ láti fi àyè sílẹ̀, kí a lè rí ohun tí olúkúlùkù wa yóò fi dí i. Ìmọ̀ yẹn ni mo fi jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì ní Toronto níbí.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọbìnrin mi wá bá mi. Ó ní ilé-iṣẹ́ kan ní Oakville, ìlú kan nítòsí Toronto, tí ń rán àwọn olùtọ́jú lọ sí ilé àwọn arúgbó. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ọmọ Nàìjíríà ni gbogbo wọn, ti ní bí ọ̀sẹ̀ bá parí, àwọn ń lọ.

"Mọ́mì, bí wọ́n bá lọ, mo ti ilẹ̀kùn nìyẹn. Ẹ bá mi bá wọn sọ̀rọ̀."

"N ó wá," ni mo wí. N kò ṣèlérí ọ̀rọ̀ kankan.

Nígbà tí mo dé ibi iṣẹ́ rẹ̀, mo ní kí àwọn òṣìṣẹ́ náà to àga yípo. Mo jókòó, mo gbọ́wọ́ lé itan, mo dákẹ́.

"Mọ́mì, wọ́n ń dúró dè yín o," ni ọmọ mi wí.

Mo kàn wò ó ni. Kò pẹ́ tí obìnrin tó dàgbà jù nínú wọn fi kúnlẹ̀. "Mọ́mì, ẹ má bínú sí wa."

Mo rí ara mi níbẹ̀, inú mi sì dùn. "Dìde, ọmọ mi. N kò bínú." Mo tún dákẹ́.

"Àǹtí, ẹ dúró ná," ni ọkùnrin kan wí fún un. "Ta ló ní kí ẹ bá òun bẹ̀bẹ̀? Èmi ni mo wakọ̀ dé Bolton nínú yìnyín, tí mo bá ilẹ̀kùn ní títì, torí ọ̀gá yí iṣẹ́ padà lórí fóònù láìpè mí, lẹ́yìn tí mo ti kúrò nílé!"

"Èmi ńkọ́, tí wọ́n dá padà láti Newmarket?" ni obìnrin tó kúnlẹ̀ náà fi kún un.

Ọmọ mi lanu láti dáhùn. Mo gbé ìka sókè, ó sì pa á dé. Wọ́n sọ̀rọ̀ títí ó fi tán nínú wọn. Nígbà náà, ọmọ mi kò wo ojú mi mọ́. Àwọn ni ó kọjú sí.

"Ẹ jọ̀ọ́. Mi ò ní yí iṣẹ́ ẹnikẹ́ni padà mọ́ láìjẹ́ pé mo pè é, kó sì gbà."

"Bí àwa náà bá pè yín, ṣé ẹ ó gbé fóònù?" ni ọkùnrin náà bi í. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sẹ̀ parí, kò sí ẹni tí ó lọ. Ní báyìí, ọmọ mi a máa to àga yípo fúnra rẹ̀, kì í sì í pè mí. Ó ní bí mo bá wá, bíbẹ̀ ni wọn yóò tún máa bẹ̀ mí.