Ewúro Tó Wọ Búbà

Ilé mi ní La Porte kò jìnnà sí omi. Láàárọ̀, kí n tó lọ síbi iṣẹ́, mo máa ń dúró létí Galveston Bay, mo ń wo bí ó ṣe jí. Nígbà ooru, omi náà a dà bí ọbẹ̀ tí wọ́n gbàgbé sórí iná. Bí òtútù bá ń bọ̀, koríko etí rẹ̀ a gbẹ, àwọn ẹyẹ funfun ńláńlá tó ní àpò lábẹ́ ẹnu a sì dé láti àríwá. Ìyàwó mi máa ń pè wọ́n ní alàgbà ìjọ, nítorí kò sí ohun tó ń kán wọn lójú.

Òun náà ló kọ́ mi pé bí afẹ́fẹ́ àríwá bá gbá omi sẹ́yìn tí ẹrẹ̀ sì hàn, òtútù ńlá ló ń bọ̀ yẹn, kí n sáré lọ bo ewúro tó gbìn sẹ́yìn ilé. Ó di ọdún mẹ́ta tí ìyàwó mi ti lọ sọ́run. Ewúro náà ṣì wà, n kò sì fẹ́ kó kú mọ́ mi lọ́wọ́.

Ní January tó kọjá, mo rí ẹrẹ̀. Mo bo igi náà, afẹ́fẹ́ gbé aṣọ ìbora lọ. Mo ronú. Búbà ní apá, ẹ̀ka méjì á wọ ibẹ̀. Mo ṣí àpótí ìyàwó mi, mo wọ búbà fún ewúro, mo ró ìró mọ́ ọn, mo dé e ní fìlà òtútù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Màmá ìjọ wa gbé ọbẹ̀ wá fún mi láti Missouri City. Wọ́n yọjú lójú fèrèsé.

"Brọ́dà, ẹ ò sọ fún wa pé ẹ ti ní àlejò."

"Ewúro ni, mà."

"Ewúro tó dé fìlà? Ẹ wò ó, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ọmọ ọlọ́mọ sínú òtútù. Ẹ ní kó wọlé wá jẹun!"

Mo ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn fún wọn. Màmá jáde, wọ́n na ọwọ́ sí i láti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ewé dúdú kan já sí wọn lọ́wọ́. Òtútù ti pa gbogbo ewé rẹ̀.

Wọ́n fọwọ́ pa búbà náà. "Èmi àti ìyàwó yín la jọ ra aṣọ yìí." Wọ́n bọ́ ìborùn ọrùn wọn, wọ́n fi wé ìdí igi náà. "Ìdí ni kẹ́ ẹ máa bò."

Nígbà tó yá, àwọn ẹyẹ alàgbà padà sí àríwá, koríko etí omi sì tún tutù yọ̀yọ̀. Mo ká ìborùn náà sókè. Ọ̀mùnú mẹ́ta ti yọ nídìí ewúro. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí Màmá. Kíá ni wọ́n pè mí.

"Ẹ bá mi kí i o. Ẹ sọ fún un pé kó dá ìborùn mi padà."