Ilé Tí Ìyá Tari Bọ́ Láṣọ

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọdún tí wọ́n kọ́ ilé kan ní Àpápá tàbí Ajégúnlẹ̀, èmi ni kó wá bi. N kò kàwé kọjá kíláàsì kẹta, ṣùgbọ́n àwọn tó gboyè nínú ilé kíkọ́ ti jókòó níwájú mi rí, tí wọ́n ń kọ ohun tí mò ń sọ sílẹ̀. Lórí ọ̀rọ̀ ilé Oyèwọlé nìkan ni obìnrin kan tó ń fi orí ru sìmẹ́ńtì ti mọ̀ jù mí lọ. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ojoojúmọ́ ni mo ń gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ebinimi lorúkọ rẹ̀, Ìyá Tari là ń pè é. Ìjọ̀ ni bàbá àti ìyá rẹ̀, àmọ́ Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí i sí, Yorùbá ẹnu rẹ̀ sì já gaara ju ti àwọn ọmọ mi lọ. Láti ọmọ ọdún mẹ́tàlá ló ti ń ru sìmẹ́ńtì pípò fún àwọn bíríkìlà. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ níṣẹ́. Ó ń ru, ó ń wò. Nígbà tó fi máa tó ẹni ogójì ọdún, bí bíríkìlà kan bá mọ ògiri tó wọ́, Ìyá Tari á kàn dúró, á gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọkùnrin náà á fọwọ́ ara rẹ̀ tú u palẹ̀.

Inú àdúgbò kan lẹ́yìn Málù Road ni ilé Oyèwọlé wà. Káfíńtà ọkọ̀ ojú omi ni Oyèwọlé àgbà. Bíríkì amọ̀ tí wọ́n fi iná sun ló fi kọ́ ilé náà, alájà méjì, láyé òyìnbó. Tírélà kan kọlu igun rẹ̀ lọ́dún kan. Tírélà ló fọ́. Ìṣojú mi ni. Yàrá kan nísàlẹ̀ ilé náà ni Ìyá Tari ti ń gbé fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ibẹ̀ ló bí ọmọ mẹ́rin sí, ibẹ̀ náà ni ọkọ rẹ̀ kú sí.

Àwọn Oyèwọlé ti kó kúrò níbẹ̀ tipẹ́, wọn ò sì kan ìṣó kan mọ́ ọn láti ìgbà náà. Lọ́dún tó kọjá ni Múyìwá, ọmọ-ọmọ Oyèwọlé, sọ pé òun fẹ́ fi ilẹ̀ náà ṣe ibi tí àwọn tírélà á máa sùn. Àwọn ayálégbé ní àwọn ò lọ. Kò bá wọn jà. Ó lọ pe àwọn tó ń yẹ ilé wò. Wọ́n wá, wọ́n rí i pé ògiri iwájú wú bí ikùn aláboyún, ó sì sán kiri. Wọ́n fi ọ̀dà pupa ya ẹ́ẹ́kìsì kan tó ga jù mí lọ sí i lára. Ọjọ́ mẹ́rìnlá péré, katakata á wá wó o.

Àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Ìyá Tari wá bá mi.

"Bàbá, ilé yẹn ò ṣàìsàn."

"Ìyá Tari, mo fojú ara mi rí ògiri yẹn."

"Aṣọ rẹ̀ lẹ rí. Èmi ni mo sì ru aṣọ yẹn."

Ó ṣàlàyé fún mi. Nígbà tí òun wà lọ́mọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ojú ń ti bàbá Múyìwá pé ilé bàbá òun ṣì pupa roro nígbà tí gbogbo ará àdúgbò ti fi sìmẹ́ńtì rẹ́ tiwọn. Nígbà yẹn, bí wọ́n bá rí bíríkì níhòòhò, wọ́n á ní tálákà ló ń gbébẹ̀. Ló bá pe bíríkìlà, wọ́n rẹ́ gbogbo rẹ̀ pátá. Omi tó bá ti òkè wọ inú ògiri kò wá rí ọ̀nà jáde mọ́. Ó ń gbára jọ sáàárín, ó ń ti sìmẹ́ńtì síta. Sìmẹ́ńtì ló sán, kì í ṣe ilé.

"Èmi ni mo ru ohun tó ń pa á," ó ní. "Èmi náà ni màá bó o."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ló gbé òòlù. Ariwo rẹ̀ dé Kírikírì. Wọ́n ní àwọn ẹlẹ́wọ̀n rò pé wọ́n ń wó ògiri fún àwọn. Akpos, awakọ̀ tírélà tó ń dúró síwájú ilé náà, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Mama, leave am! Dat house don old pass Nigeria."

"Old no be die," Ìyá Tari dá a lóhùn láìwẹ̀yìn. "Your motor nko? No be push dem dey push am every morning?"

Gbogbo àdúgbò bú sẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kẹta, ìdajì ẹ́ẹ́kìsì já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, gbìì! Bíríkì pupa yọ lábẹ́ rẹ̀, ó ń dán bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́ nínú iná.

Lọ́jọ́ karùn-ún ni Múyìwá gbọ́. Ó sáré dé.

"Ìyá Tari, ilé mi lẹ ń bà jẹ́ yìí!"

"Ilé tí o fẹ́ wó lọ́jọ́ mẹ́sàn-án sí i? Mo kàn bá ọ bẹ̀rẹ̀ ni."

"Màá pe ọlọ́pàá o!"

"Pè wọ́n. Ọjọ́ tí wọ́n ń rẹ́ ilé yìí, ìyá ẹ gbé ọ pọ̀n mí kó tó lọ sọ́jà. Páànù sìmẹ́ńtì wà lórí mi, ìwọ wà lẹ́yìn mi, o sì tọ̀ sí mi lára. Sọ ìyẹn fún ọlọ́pàá náà."

Ọkùnrin náà wọ mọ́tò rẹ̀, ó lọ. Mo bá Ìyá Tari rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀. Bí bíríkì kan péré bá rún lọ́jọ́ tí àwọn tó ń yẹ ilé wò bá padà wá, tẹrùtẹrù ni wọ́n á lé e síta.

Ọjọ́ kẹrìnlá pé. Ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Fidelis, láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń yẹ ilé wò, ló ṣáájú katakata wọlé, Múyìwá tẹ̀ lé e nínú mọ́tò rẹ̀, ó gbé mọ́tò náà sí àárín àgbàlá. Fidelis wo ògiri títí. Ó fi òòlù kékeré kàn án níbí, ó kàn án lọ́hùn-ún. Ó ń dún gooro. Ó yí ilé náà po, ó ń kan gbogbo igun.

Ó dé ilé ìdáná tó wà lẹ́yìn. Kó tó gbé òòlù sókè, Ìyá Tari dá a dúró.

"Ẹnjiníà, ẹ má wulẹ̀ kàn án níbẹ̀. Ibẹ̀ yẹn ti kú. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti jẹrà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí wọ́n wó o."

Múyìwá pariwo, "Ṣé ẹ gbọ́? Ó ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́!"

"Ilé ìdáná ni mo sọ. Mi ò tíì sọ̀rọ̀ orí tìẹ."

Fidelis rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó béèrè pé, "Ìyá, ta ni ẹnjiníà tó yẹ ilé yìí wò fún yín?"

Mo wúkọ́, mo ti fẹ́ dáhùn. Ìyá Tari na ọwọ́ sí àtàrí ara rẹ̀, ibi tí páànù ti jẹ irun tán.

Fidelis kọ ìwé rẹ̀ lójú gbogbo wa: kí wọ́n wó ilé ìdáná, kí ilé ńlá dúró, kí wọ́n tún òrùlé àti ibi tí bíríkì ti pàdé ṣe láàárín oṣù mẹ́ta. Ó ní kí katakata padà.

"Mi ò ní tún nǹkan kan ṣe," Múyìwá wí. "Oṣù mẹ́ta á pé, màá tún pè wọ́n."

"Ta ló bẹ̀ ọ́? Àwa la máa tún un ṣe," Ìyá Tari ní. Àwọn ayálégbé ti ń tú ẹrù wọn. Ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó bọ́ sáàárín àgbàlá. "Gbé mọ́tò ẹ kúrò níbẹ̀. Iyanrìn ń bọ̀."