Ife Omi Tí Ọ̀gá Mi Kò Mu

Nígbà tí mo gba oyè yunifásítì dé Abidjan, wọ́n fún mi ní tábìlì kan ní ọ́fíìsì ìlera, àti ìwé ńlá kan tó kún fún ìlà. Iṣẹ́ mi ni láti ka iye aláìsàn tí àwọn ilé ìwòsàn àdúgbò bá kọ ránṣẹ́. Mo máa ń de táì ṣe é, bí ẹni pé àrùn a máa bẹ̀rù táì.

Ìyá mi náà ní ìwé tirẹ̀. Òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́ aládùúrà ní ìjọ wa ní Marcory, àdúgbò tí a ń gbé. Kàyé, ìwé ọmọléèwé kan, ni ó ń kọ orúkọ aláìsàn sí, ohun tó ń ṣe é, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, àti ilé tó ń gbé. Mo bi í léèrè ohun tí Ọlọ́run fẹ́ fi àdírẹ́sì ṣe.

"Ọlọ́run mọ ilé wọn," ni ó wí. "Àwa tó ń lọ kí wọn ni a kò mọ̀ ọ́n."

Ní ìparí òjò ọdún kan, mo rí orúkọ ọmọ àbúrò mi nísàlẹ̀ kàyé náà: èébì àti ìgbẹ́ gbuuru, láti àná. Orúkọ mẹ́fà ló wà lókè rẹ̀, ohun kan náà ló sì ń ṣe gbogbo wọn. Ọ̀rọ̀ onígbáméjì sọ sí mi lọ́kàn. Mo sáré lọ wo ìwé ńlá mi. Ẹni méjì péré ni ilé ìwòsàn kọ ránṣẹ́ láti Marcory. Àwọn yòókù wà nílé, wọ́n ń mu àgbo.

Kí n lè mọ àwọn ọmọ tí àìsàn dá dúró sílé, mo lọ bá àlùfáà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú ní òpópónà kejì, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta aṣọ ní ọjà Treichville. Kì í pe orúkọ ọmọ. Ìṣó ara ògiri ló fi ń mọ̀ wọ́n. Ọmọ tí kò bá wá, wàláà rẹ̀, pákó tó fi ń kọ́ kéú, á ṣì wà lórí ìṣó nígbà ẹ̀kọ́. Lọ́jọ́ náà, wàláà márùn-ún ló wà níbẹ̀. Ó sọ ilé ọmọ kọ̀ọ̀kan fún mi. Mo ya àdúgbò náà sórí pépà, mo fi àmì sí ilé gbogbo tó wà nínú ìwé mi, nínú kàyé ìyá mi àti lórí ìṣó àlùfáà. Àwọn àmì náà yí kànga kan ká.

Ọ̀gá mi wo àwòrán náà pẹ́. Ó ní ó dára, ṣùgbọ́n ìjọ kì í ṣe ilé ìwòsàn, ìṣó kì í sì í ṣe dókítà. Kí a dúró de ìwé ìparí oṣù. Mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi bá mi wọ takisí lọ sí Marcory, sí ilé ìyá mi.

Ìyá mi, tí mo ti sọ ọ̀rọ̀ kànga fún, fún un ní àga, ó sì bu omi fún un bí a ti ń ṣe fún àlejò. Kànga yẹn náà ló ti fà á, lójú ọ̀gá mi. Ọ̀gá mi dúpẹ́, ó di ife mú, kò mu ún.

"Ẹ mu ún, ọ̀gá," ni ìyá mi wí. "Ìwé yín kò sọ pé nǹkan kan ń ṣe é."

Mo tú u sí Faransé láìfi oyin sí i. Ọ̀gá mi gbé ife náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni gbé ẹyin. Kí oòrùn tó wọ̀, àgádágodo ti wà lórí kànga, mọ́tò ilé ìwòsàn sì ń lọ láti ilé dé ilé, kàyé ìyá mi lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Ọmọ àbúrò mi ni wọ́n kọ́kọ́ gbé.

Kò sí èyí tó kú nínú wọn. Ọ̀gá mi kọ́ àwòrán náà sí ògiri ọ́fíìsì rẹ̀, ó fọwọ́ sí i bí ẹni tó yà á. Èmi náà ń sọ káàkiri pé ẹ̀kọ́ yunifásítì ni. Ní ti àlùfáà, gbogbo ìṣó rẹ̀ ló ṣófo nígbà ẹ̀kọ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ìyá mi dìde láti ka orúkọ aláìsàn, ó ní kò sí. Pásítọ̀ bi í bóyá ó gbàgbé kàyé sílé ni. Ìyá mi ṣí kàyé náà, ó gbé ojú ìwé tó funfun báláú sókè kí gbogbo ìjọ rí i, ó sì dá orin ọpẹ́ kí pásítọ̀ tó rí ọ̀rọ̀ mìíràn sọ.