Bàbá Ọ̀fẹ́-Kò-Sí àti Òfin Idán Rẹ̀

Ọjọ́ tí baálẹ̀ dì sínú omi ìwẹ̀ rẹ̀ ni gbogbo ilé iṣẹ́ fi ń rántí Bàbá Ọ̀fẹ́-Kò-Sí. Inú géèmù ni baálẹ̀ náà wà, ṣùgbọ́n inú yàrá ìpàdé ni àwọn àlejò jókòó sí, àwọn tó fẹ́ gba géèmù náà tà káàkiri. Bàbá fúnra rẹ̀ ló dúró ti kọ̀ǹpútà. Ó ní kí wọ́n wo abúlé tó wà lójú kọ̀ǹpútà náà: àwọn ènìyàn tí kò ju èékánná lọ ń roko, wọ́n ń kọ́lé, wọ́n sì ń bára wọn ṣe gbólóhùn asọ̀. Ó wá ní kí onídán abúlé dá iná sábẹ́ ọbẹ̀. Ọbẹ̀ hó. Ní ilé kejì, omi ìwẹ̀ baálẹ̀ di yìnyín, baálẹ̀ sì wà nínú rẹ̀ títí dé ọrùn.

Lókè orí baálẹ̀, níbi tí géèmù ti máa ń kọ ohun tó wà lọ́kàn ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ kan yọ: "Omi yìí kò tẹ́ mi lọ́rùn."

Ọ̀gá ilé iṣẹ́, obìnrin tí kì í pariwo, fa Bàbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Bàbá, kí lẹ fi baálẹ̀ ṣe?"

"N kò fi wọ́n ṣe nǹkan kan. Ooru tó se ọbẹ̀, ibo lẹ fẹ́ kó ti wá?"

"Idán ni, Bàbá. Idán kì í ti ibì kankan wá."

"Ohun tí kò bá ti ibì kankan wá," ó ní, "olè ló gbé e wá."

Àwọn àlejò ti ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn bọ́ awò ojú rẹ̀ láti nu omijé. Wọ́n rò pé ńṣe ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi baálẹ̀ ṣeré, wọ́n sì gba géèmù náà.

Olùkọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ni Bàbá kó tó fẹ̀yìn tì, tí wọ́n fi pè é wá ṣètò idán inú géèmù. Òfin kan ṣoṣo ló mú wá. Idán kì í dá ohunkóhun. Ńṣe ló ń gbé e kúrò níbì kan lọ síbòmíràn. Ọ̀fẹ́ kò sí. Ó sọ ọ́ títí ó fi di orúkọ mọ́ ọn lára.

Òfin náà bá a délé. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, òun àti ìyàwó rẹ̀ ṣe asọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyàwó ní òun ti gbàgbé. Bàbá kò gbà.

"Ìbínú tó tó yẹn kì í ṣàdédé tán. Ibo lo gbé e sí?"

"Inú ìkòkò ló wà," ìyàwó rẹ̀ dáhùn. "Ẹ wá jẹun."

Síbí kan péré ló bù sẹ́nu tó fi rí i. Ata ni.

Nígbà tó kan idán fífò, ó ní kí ara onídán tó bá fò fúyẹ́, kí ìwúwo rẹ̀ sì já lé ẹni tó sún mọ́ ọn jù lọ. Ṣùgbọ́n báwo ni ẹni tí ìwúwo ẹlòmíràn já lé ṣe ń rìn? Ó ní kí Ẹnjiníà, ọ̀dọ́kùnrin tó ń sọ òfin rẹ̀ di èdè kọ̀ǹpútà, gun òun lẹ́yìn. Ayàwòrán, ọmọbìnrin tó ń ya gbogbo ará abúlé, jókòó síwájú wọn, ó ń ya ojú Bàbá bó ṣe ń fún pọ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ̀. Ẹ lè bí bàbá mi."

"Dákẹ́. Ẹni tó ń fò kì í sọ̀rọ̀."

Ọ̀gá ṣílẹ̀kùn. Ó wò wọ́n. Ó pa ilẹ̀kùn dé, ó kàn án, ó tún un ṣí, bóyá ohun mìíràn ni yóò bá.

Idán ìwòsàn ló wá dá ìjà sílẹ̀ láàárín Bàbá àti ọ̀gá.

"Aláìsàn gbọ́dọ̀ dìde, Bàbá. Ẹni tó ń fi géèmù ṣeré ò fẹ́ gbọ́ àlàyé."

"Á dìde. Àìsàn rẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ kó pòórá."

"Kó pòórá lọ síbo?"

Ó kọ́kọ́ gbé àìsàn sára ewúrẹ́. Ewúrẹ́ tán lábúlé. Ó gbé e sára igi. Igi gbẹ, kò sí èyí tí wọ́n máa fi kọ́lé mọ́. Ó gbé e sára ọ̀tá. Kò pẹ́ tí àwọn ará abúlé fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀tá kiri. Wọ́n mú amọ̀kòkò, ẹni tí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò ju pé ó máa ń súfèé lọ.

Ọ̀gá wá dá ọjọ́ fún Bàbá. Tí oṣù bá parí tí kò rí ojútùú, ìwòsàn á di ọ̀fẹ́.

"Ẹ má bínú, Bàbá."

"Inú ò bí mi. Ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀fẹ́, ẹ yọ orúkọ mi kúrò níbẹ̀."

Gbogbo wọn mọ̀ pé kò fi ṣeré.

Oṣù kò tíì dé ìdajì tí àìsàn fi dá òun fúnra rẹ̀ dùbúlẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Àwọn ará ibi iṣẹ́ ń lọ wò ó. Ẹni tó bá ti fẹ́ máa lọ, Bàbá á bi í léèrè.

"Báwo lara?"

"Ó rẹ̀ mí díẹ̀, Bàbá."

"O jókòó lásán, o ò gbé nǹkan kan, ó sì rẹ̀ ọ́?" Ojú rẹ̀ tàn. "Ara tèmi fúyẹ́ díẹ̀."

Nọ́ọ̀sì wọlé, ó ní àwọn àlejò ti pọ̀ jù.

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, nọ́ọ̀sì," Bàbá bẹ̀ ẹ́. "Iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe."

Ó yí sí Ẹnjiníà. "Kọ ọ́ báyìí. Àìsàn á máa pín sára àwọn tó bá wá jókòó ti aláìsàn. Tó bá jẹ́ ẹnì kan ló wá, òun náà á dùbúlẹ̀. Tó bá jẹ́ gbogbo abúlé, wọ́n á kàn yán ni."

"Tí àìsàn bá wá ju agbára gbogbo abúlé lọ ńkọ́?"

Bàbá rò ó díẹ̀. "A jẹ́ pé wọ́n á ti jókòó tì í nìyẹn."

Ó kú kí oṣù tó parí. Yàrá náà kún lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́, Ẹnjiníà ṣí géèmù fún ọ̀gá kó wo òfin tuntun náà, kó sì sọ bóyá yóò dúró. Ayàwòrán wà lẹ́yìn wọn. Nínú abúlé, agbẹ́kànga ti dùbúlẹ̀ àìsàn. Wọn kò pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni. Alágbẹ̀dẹ ló kọ́kọ́ fi ọmọ owú sílẹ̀, ó lọ jókòó tì í. Ahunṣọ tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni àwọn tó wà lóko ń wọlé, pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́.

"Iṣẹ́ oko ti dúró," ọ̀gá sọ.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," Ẹnjiníà dáhùn.

"Ẹni tó ń fi géèmù ṣeré á bínú."

"Á bínú, mà. Ṣé kí n yọ ọ́?"

Ọ̀gá fa àga, ó jókòó. Agbẹ́kànga dìde lórí ẹní, gbogbo àwọn tó yí i ká la ẹnu gbàgà lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n yán. Ayàwòrán bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín títí ó fi ń fọwọ́ nu ojú.

"Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ó ní. "Kí orúkọ Bàbá sì wà níbẹ̀."

Ni òun náà bá yán.

"Ó rẹ̀ yín ni, mà?"

"Díẹ̀."

Kò sí ẹni tó dìde nínú wọn.