Ọjọ́ Tí Mo Lọ Gba Ọmọ Mi Ní Ìlàjẹ

Nígbà tí kóòtù tú èmi àti bàbá ọmọ mi ká, ohun tí adájọ́ sọ yé gbogbo wa: ọ̀dọ̀ mi ní Ṣómólú ni ọmọbìnrin wa á máa gbé, bàbá ẹ̀ lè wá mú un lọ́jọ́ Jímọ̀, kó dá a padà nírọ̀lẹ́ Sọ́ńdè. Àfi Sọ́ńdè kan tí ilẹ̀ ṣú, tí mi ò rí ọmọ. Mo pe bàbá ẹ̀ títí, ó ti pa fóònù. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, mo gba kóòtù lọ. Wọ́n ní akódà máa pàdé mi nílé tí bàbá ọmọ mi àti ìyá ẹ̀ ń gbé ní Ìlàjẹ, ní Bàrígà, láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kó bá mi gba ọmọ náà.

Mo ṣáájú akódà débẹ̀. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń to èébú tí mo máa bú wọn.

Ìyá ọkọ mi (mi ò mọ nǹkan míì tí mo lè pè wọ́n) jókòó ti ààrò, wọ́n ń yan ẹja. "Ìyàwó mi, o káàbọ̀," ni wọ́n wí. Háà! Orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí n tó mọ̀. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ mi pé obìnrin kì í nàró kí ìyá ọkọ. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kí wọn lẹ́yìn kóòtù.

"Èéfín ti fẹ́ fọ́ mi lójú. Bá mi yí àwọn ẹja yẹn kí wọ́n má jóná."

Mo bá ń yí ẹja. Èmi tí mo wá jà!

"Màmá, ọmọ mi dà?"

"Ó wà ní yàrá. Bàbá ẹ̀ fẹ́ gbé e wá, èmi ni mo ní kó má gbé e. Ojú ń tì í ló ṣe pa fóònù. Ilé ti dákẹ́ jù." Wọ́n gbójú sókè. "Adájọ́ tú ìwọ àti ọmọ mi ká. Èmi àti ìwọ ńkọ́? Ṣé ó dárúkọ mi?"

Mo yí ẹja míì. Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Wọn ò sọ ti ìyá ọkọ.

Ìgbà yẹn ni akódà wọlé, ìwé kóòtù lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní ta ni ìyá ọmọ.

"Ìyàwó ilé wa nìyẹn," ni Màmá wí, wọ́n nawọ́ sí mi.

Ọkùnrin náà wo eérú ara mi, ó wo ẹja ọwọ́ mi. "Màdáámù, ṣé ẹ ti parí ìjà ni? Kí ni kí n wá ṣe báyìí?"

Orí mi dàrú pátápátá. Ṣebí èmi ni mo pè é? Ṣebí wọ́n gbé ọmọ mi pa mọ́?

Ọmọ mi jáde sí wa, ó ti gbé báàgì ẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn. Ó rí mi nídìí ààrò, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó sọ báàgì kalẹ̀, ó ń kó aṣọ ẹ̀ jáde sórí àga. "Mo sọ fún Dádì pé ẹ máa padà wá!"

Akódà yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Màmá tẹjú mọ́ ẹja orí ààrò.

"Ọmọ mi, Ṣómólú là ń lọ," ni mo wí. Mo nu ọwọ́ mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká àwọn aṣọ náà padà. Ó dúró, ó ń wò mí, kò bá mi ká ìkankan. Nígbà tó yá, ó ní:

"Mọ́mì, kí lẹ wá ń bá wọn yan ẹja fún?"